Àkọsílẹ̀ Tó Pòórá ní Ring Road

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ring Road ṣílẹ̀kùn, kò sí èsì aláìsàn kankan tó jáde lórí kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú, alákòóso ibẹ̀, pe ọlọ́pàá. Ó ní Zùwáírátù, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, ló bà á jẹ́ nítorí pé òun bá a wí.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n—"

"Wàá sọ ọ́ ní tẹ́ṣàn!" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnjìmí wí. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ lójú gbogbo aláìsàn tó jókòó. Ọmọbìnrin náà rọra fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n tó lọ, òun àti Ògúnjìmí nìkan ló wọ yàrá inú tí kọ̀ǹpútà ńlá wà. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú, ọ̀rọ̀ funfun wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àṣẹ láti fi ètò, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, sórí ẹ̀rọ tàbí láti yọ ọ́.

"Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnì kan ní kí ẹ̀rọ yọ ètò kékeré kan, sà," ni Zùwáírátù ṣàlàyé. "Ẹ̀rọ ka gbogbo ètò tó gbára lé e tí yóò bá a lọ, ètò èsì àyẹ̀wò sì wà nínú wọn. Ó béèrè pé ṣé kí òun máa bá a lọ. Ẹni náà tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ètò ló lọ, àkọsílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá fi ètò padà, gbogbo rẹ̀ á jáde. Ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ nìyẹn."

Ìtìjú mú Ògúnjìmí, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó sì pe Moróunkẹ́ tó ń gba àlejò.

"Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ńlá náà?"

"Èmi àti ọ̀gá, sà. Ṣùgbọ́n èmi kì í tẹ nǹkan kan bí Zùwáírátù ò bá kà á fún mi. Wọ́n tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá wa? Ẹ ò ní tíì kí wọn tán tí wọ́n á ti dáhùn!"

Ògúnjìmí lọ bá Adéróunmú. "Alàgbà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta—"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo wá, ṣùgbọ́n n ò wọ yàrá inú. N ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ojú dúdú yẹn."

"Ẹni tó yọ ètò náà, kọ̀ǹpútà bi í—"

"Bẹ́ẹ̀ ni, pé ṣé kí òun máa bá a lọ! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni!"

Ògúnjìmí sún mọ́ ọn.

"Ta ló sọ ìbéèrè yẹn fún yín, alàgbà? Èmi àti Zùwáírátù nìkan la rí i. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ á pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ṣe èyí, ńṣe ni kò ka ìbéèrè tán. Ẹni tí kì í gbọ́ ìbéèrè tán ni mo wá ń wá."

Adéróunmú sorí kọ́. "Wọ́n ní ètò yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lọ́ra. Ojú tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí mo gbà síṣẹ́. Nígbà tó bàjẹ́, ojú tún tì mí láti sọ."

"Ẹ wá dì í ru ọmọ ọlọ́mọ."

Ṣùgbọ́n Ògúnjìmí kò lè gbóhùn sókè. Ó mú Zùwáírátù lọ síwájú àwọn aláìsàn, ó sì tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. "Ojú yín ni mo ti fi í sí i. Kò jẹ̀bi. Èmi ni n ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."

Zùwáírátù padà sídìí ẹ̀rọ, ojú ibi tí irin ti há a ṣì pọ́n. Ó tẹ àṣẹ láti dá ètò padà. Ẹ̀rọ to ohun tí yóò ṣe sílẹ̀, ó sì béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ.

"Zùwáírátù," ni Ògúnjìmí wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ẹ ní sùúrù, sà," ó ní, kò sì yíjú. "Ẹ jẹ́ kí n kà á tán ná."