Amọ̀ Òkèléle ní Ìlú Róòmù

"Binta, òkúta tí mo jókòó lé yìí, mi ò ní dìde lórí ẹ̀ títí o ó fi padà. Àmọ́ má pẹ́ o."

Ìyá àgbà mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìlú Róòmù la wà, nínú oṣù kẹta ọdún 1975, ọjọ́ kẹta tí a dé láti Ìlọrin. Àpò kékeré kan wà lórí itan wọn. Amọ̀ Òkèléle, àdúgbò wa ní Ìlọrin, ló wà nínú rẹ̀, amọ̀ gbígbẹ tí Ìyá fọwọ́ ara wọn gún, tí wọ́n jọ̀ bí ẹní jọ èlùbọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni a pè láti Kwara wá síbi àfihàn kan, Ìyá nìkan sì ni amọ̀kòkò nínú wọn. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn ni Ìyá yóò mọ ìkòkò lójú gbogbo èèyàn.

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn, nítorí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. N kò lọ ilé ìwé rí. Àbúrò bàbá mi, Àbdùlkàrímù, ló kọ́ mi nínú ilé. N kò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè Róòmù.

Láti àárọ̀ la ti ń fẹsẹ̀ rìn, èmi, Ìyá àti Títílayọ̀, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, òṣìṣẹ́ ìjọba ará Ọ̀mù-Àrán tó kó wa wá. A rí àwókù ilé ńlá tó ga ju igi àràbà lọ. A gba orí afárá kọjá odò. Bí àwa ọmọdé ti ń wòkè, ilẹ̀ ni Ìyá ń wò. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ògiri bíríkì kan, wọ́n dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

"Ẹ wá wò ó. Ẹni tó sun bíríkì yìí kánjú. Ṣé ẹ rí i bó ṣe dúdú lápá kan, bí ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kọlù nínú iná?"

Títílayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá! A gun ọkọ̀ òfuurufú wá wo bíríkì!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Ìyá wí. "Ní ìlú onílùú, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàmì. Ohun tó wà lókè, ilé púpọ̀ ló lè ní irú ẹ̀."

Ó rẹ Ìyá, wọ́n jókòó lórí òkúta kan lẹ́bàá ògiri náà. Títílayọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Òkè kan wà níwájú, wọ́n ní èèyàn á rí gbogbo ìlú látibẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré."

"Bàbá ẹ ní a ò gbọdọ̀ fi Ìyá sílẹ̀."

"Bàbá mi wà níbi àfihàn, wọn ò rí wa. Ṣé o fẹ́ padà sílé lọ sọ pé o dé Róòmù, o sì jókòó ti àpò amọ̀? Ọmọ Ìyá Oníkòkò!"

Orúkọ yẹn ta mí lára. Mo yíjú sí Ìyá, mo ní, "Ìyá, a fẹ́ lọ béèrè ọ̀nà ibi àfihàn." Irọ́ ni. Ìgbà yẹn ni Ìyá sọ pé àwọn kò ní dìde.

Kí n tó lọ, mo gbójú sókè. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí òrùlé rẹ̀ rí roboto wà lẹ́yìn Ìyá. Mo ní ó ti tó mi láti fi ṣàmì. Ní Ìlọrin, ẹni tó bá ṣìnà, kó ṣáà béèrè mọ́sáláṣí Ọjà-Ọba. Kan ṣoṣo ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Àtidé orí òkè náà gbà wá ju bí a ti rò lọ. Mo bojú wolẹ̀. Òrùlé roboto wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, ó wà lódì kejì odò. Mo ka mẹ́sàn-án, n kò lè kà á mọ́.

"Títílayọ̀, èwo ni tiwa?"

Ó fà mí lọ́wọ́.

A sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọkùnrin kan, ó mi orí. Mo fi ọwọ́ ya roboto sójú òfuurufú. Ó nawọ́ sí ọ̀tún. Obìnrin kan nawọ́ sí òsì. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, nítorí irú rẹ̀ wà lọ́tùn-ún àti lósì. A dé ṣọ́ọ̀ṣì kan, òkúta wà níwájú rẹ̀ bíi ti Ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

"Wọ́n ti gbé wọn lọ!" Títílayọ̀ ti ń sunkún. "Bàbá mi á pa mí lónìí!"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wa sí wà níbẹ̀, lọ́wọ́ mi! Ìyá kò gbọ́ èdè kankan níbẹ̀, wọn kò sì ní ohunkóhun tí wọ́n lè fi han èèyàn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ń kà á: àkókò iṣẹ́ Ìyá ti tó.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Mo gbé ojú mi kúrò lókè. "Tẹ̀ lé mi," ni mo sọ fún Títílayọ̀. "Má wo òrùlé kankan mọ́."

A wá odò lọ, a rí afárá. Lẹ́yìn afárá, mo rántí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo rí ẹnu ọ̀nà oníbàtà tí Ìyá ti kọsẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí bíríkì dúdú.

Ìyá wà lórí òkúta náà. Eruku pupa wà níwájú orí wọn àti lẹ́yìn ọwọ́ wọn. Mo wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn.

"Ìyá, kí ló ṣe yín lójú?"

"Àkókò ìrun Àlàásárì tó. Omi ń bẹ lódì kejì títì yẹn, mò ń wò ó, àmọ́ mọ́tò ò jẹ́ kí n lè kọjá. Mo sì ti ní n ò ní dìde. Bí mo bá kúrò, níbo lo ti máa rí mi? Mo fi amọ̀ wa ṣe táyámọ́mù dípò àlùwàlá, mo jókòó kírun. Ṣé ẹ ti rí ọ̀nà tí ẹ lọ béèrè?"

Mo gbé àpò amọ̀ náà, mo fà wọ́n dìde.

Nígbà tí a béèrè ọ̀nà dé ibi àfihàn, aago márùn-ún ti kọjá. Ahunṣọ kan láti ìlú mìíràn ti wà ní àyè Ìyá. Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé ń làágùn.

"Wọ́n dúró dè yín títí! Ta ló fa èyí?"

Títílayọ̀ wolẹ̀. Ìyá la ẹnu, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀bi náà rù fún mi. Mo yára sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, sà. Mo purọ́ fún Ìyá, mo fi wọ́n sílẹ̀."

"Èmi ni mo ní ká lọ, Bàbá," ni Títílayọ̀ sọ jẹ́jẹ́.

Kò sí àyè mìíràn fún Ìyá. Ọjọ́ kejì la padà sílé.

Ní Òkèléle, àwọn amọ̀kòkò yí wa ká. "Ìyá, báwo ni ìkòkò tẹ́ ẹ mọ ní Róòmù?"

"Mi ò mọ ọ̀kan," ni Ìyá dáhùn. "Alihamudulilahi, amọ̀ náà ṣáà wúlò fún mi." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́. "Po èyí tó kù. Ìwọ lo máa mọ ọ́n."

Àwo kékeré ni mo rí mọ níbẹ̀. Mo kánjú sun ún, apá kan rẹ̀ dúdú. Ó wà lọ́dọ̀ mi títí di òní, mo sì máa ń fi han àwọn ọmọdé tó bá ń kánjú tẹ̀ lé ẹgbẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀rẹ́ fi tàn mí ló gba iṣẹ́ tí Ìyá torí ẹ̀ rin ìrìn àjò mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá gbà ọ́ gbọ́ tó jókòó dè ọ́, má purọ́ fún un, má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí òkúta.