Góòmù Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ti Eyín

Awọ ẹlẹ́dẹ̀ sísun ló dá wàhálà sílẹ̀. Lisiate gé e jẹ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nílé wọn nílùú Neiafu, ní erékùṣù Tonga, ó sì gbọ́ kàú lẹ́nu. Nígbà tó tutọ́ sọ́wọ́, ojú funfun eyín àtọwọ́dá tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ ló rí. Irin nìkan ló kù lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan kọ́ o. Ọjọ́rú ni ìdíje àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ, Lisiate ni yóò sì dá fọn fèrè ṣáájú ẹgbẹ́ wọn. Orí eyín yẹn gan-an ni ẹnu fèrè máa ń jókòó lé. Ó gbé fèrè sẹ́nu wò, etí irin gé e létè. Ó figbe ta.

Kepueli ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté, bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, torí èyí lo ṣe ń ké? Màá fi sáńpépà ha irin yẹn, màá kun góòmù ọkọ̀ sí i. Ìgbì òkun gan-an ò ní lè ṣí i!"

"Ṣé kò ní ṣe mí ní nǹkan?"

"Ọkọ̀ tí mo lẹ̀ lọ́jọ́sí, ṣebí ó ti dé Fiji lókè òkun, ó sì ti padà? Ya ẹnu jàre."

Lisiate ya ẹnu. Sáńpépà kù díẹ̀ kó kan eyín nígbà tí ẹnì kan pariwo lẹ́nu ọ̀nà.

"Kepueli! Lọ́jọ́ Ọlọ́run, o ń ṣiṣẹ́! Gbé ìyẹn sílẹ̀!"

'Ilaisaane ni, àbúrò bàbá wọn obìnrin, tó jẹ́ dókítà eyín. Ní Tonga, ta ló jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ arábìnrin bàbá rẹ̀? Kepueli gbé agolo góòmù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Àǹtí, irin ṣáà nirin. Ojoojúmọ́ ni mò ń lẹ góòmù mọ́ ọn."

"Ọkọ̀ ẹ ń mu tíì gbígbóná ni? Ó ń jẹ awọ ẹlẹ́dẹ̀? Ọ̀mọ̀ràn èbúté! Tàìténíọ̀mù nirin yẹn, irin líle tí wọ́n fi ń ṣe eyín, góòmù lásán kì í dì í mú pẹ́ lẹ́nu. Itọ́ á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, oògùn inú góòmù ọkọ̀ á jó ẹran ìdí eyín, á wú, á kẹ̀. Tó bá yá, òpó irin tí wọ́n rì mọ́ egungun àgbọ̀n láti gbé eyín yẹn dúró á máa mì. Kí ni Lisiate fẹ́ fi fọn fèrè nígbà náà?"

"Àǹtí, Ọjọ́rú ńkọ́?" Omi ti lé ròrò sójú Lisiate.

"Wá bá mi lọ́la nílé ìwòsàn eyín. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 'Ilaisaane fi rọ́bà dáàbò bo ẹnu Lisiate kí itọ́ má bàa kan irin náà. Ó fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ iyanrìn lẹ́búlẹ́bú lù ú títí dídán rẹ̀ fi lọ. Ó kun oògùn olómi kan tó ń so irin pọ̀ mọ́ èròjà eyín, ó kun èyí tó ń bo àwọ̀ irin mọ́lẹ̀, ó wá ń to èròjà funfun lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń fi iná aláwọ̀ búlúù mú un le.

"Èmi náà máa ń ha irin kí n tó lẹ̀ ẹ́ o," Kepueli, tó sin àbúrò rẹ̀ wá, sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Mo mọ̀. Òye ẹ ò burú. Ẹnu èèyàn ni ò jọ èbúté."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Lisiate gbé fèrè sẹ́nu. Ohùn náà jáde gaara, ó ga, kò mì. Kó tó parí, gbogbo èrò ti dìde, 'Ilaisaane ti ń jó láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé Lisiate lọ́wọ́, ó nà án sókè tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kepueli ló ń pariwo ju ẹni tó gba ife lọ: "Àbúrò mi nìyẹn! Eyín tí Àǹtí mi ṣe nìyẹn!"

Ẹ̀yin ará wa, bí ojú eyín àtọwọ́dá yín bá ṣí, ẹ má ha á, ẹ má sì fi góòmù kankan lẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan èyí tó ṣí, ẹ fi pamọ́ sínú ike, kẹ́ ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà eyín. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé irin wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un. Ẹ lẹ ọkọ̀ yín bó ṣe wù yín. Ẹnu yín, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀.