Ẹni Tó Ń Pa Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà

Kọ̀ǹpútà náà tún kú láàárín gbólóhùn. "Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé n kò rí bí àwọn ẹlòmíràn," ni Ọ̀gá Àgbà ń tẹ̀ lọ́wọ́ kí ojú ẹ̀rọ tó ṣókùnkùn biribiri.

Ọ̀gá Àgbà ti fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Orí kẹta ló dé. Nínú ìwé náà, kò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwé, nítorí ohun ìyanu tó ṣe nígbà èwe kò kéré.

Ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti wá wò ó. Kò tú u. Ó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ, ó mi orí bíi dókítà olówó gọbọi, ó ní purosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ló ń dàrú. Ó ní àṣejù iṣẹ́ ló fà á.

Ìyẹn tó Ọ̀gá Àgbà. Ta ló ń fi iṣẹ́ pa ẹ̀rọ bí kò ṣe Ayàwòrán, àbúrò ìyàwó rẹ̀? Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, kọ̀ǹpútà yìí ló sì fi ń ya àwòrán ìpolówó jẹun. Ọ̀gá Àgbà ní kí oòrùn ọjọ́ náà má wọ̀ bá a nílé òun.

Ayàwòrán kò ní ibòmíràn. Ó ń di àpò. Ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ìyàwó Ọ̀gá Àgbà, ń bá a ká aṣọ.

Ọmọbìnrin ilé náà ni Ayàwòrán pè lórí fóònù. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń ṣe fún ilé iṣẹ́ adójútòfò. Òun ló ń tú àṣírí àwọn tó dáná sun ṣọ́ọ̀bù ara wọn tí wọ́n tún ń sunkún. Nígbà tó dé, kò tíì jókòó tó fi béèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó máa ń kú mọ́ yín náà lọ́wọ́?"

"Rárá o. Àwòrán ńláńlá ni mo fi ń pọ́n ọn lójú láti àárọ̀ dọ̀sán. Kò wúkọ́ rí."

Ọmọbìnrin náà rò ó. Ẹ̀rọ gbé òkè fún ẹnì kan, ó wá ń dákú lábẹ́ ẹni tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé. Irú àìsàn wo ló ń mọ ojú ẹni?

Ó tú purosẹ́sọ̀ náà, ó gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà aládùúgbò tó jẹ́ irú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ geere. Ẹnjiníà, tí wọ́n pè padà, ní àìsàn mìíràn máa ń sá fún àlejò. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ọmọbìnrin náà dá purosẹ́sọ̀ padà, ó wá fi tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ tábìlì. Eruku bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, àfi ojú ihò tí ooru ń gbà jáde. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Fọ́nrán òwú kan, aláwọ̀ ewé, wé mọ́ fáànù.

"Bàbá, ta ló máa ń tan ẹ̀rọ yìí fún yín?"

Ọ̀gá Àgbà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ẹni tó ń wẹ̀ fún un.

"Ìyá rẹ. Ṣé èmi ni n ó máa kúnlẹ̀ fún páànù?"

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Òun náà ni mo ń pè. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, á jí."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó tọrọ ìborùn aláwọ̀ ewé ọrùn rẹ̀. Etí ìborùn náà kan ti já wuruwuru.

"Ìyá mi, ẹ̀yin ni. Tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ fún Bàbá, ẹ ó ki èyí bọ ihò náà. Ooru ò rọ́nà jáde, purosẹ́sọ̀ á gbóná, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fà á yọ. Bọ̀ọ̀dá ń tan tiwọn fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ìyá gba ìborùn náà padà.

"Bàbá rẹ ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ìwé wọn sí mi létí, èmi ń gbálẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ làákàyè ara wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá. Èmi tí mo fi owó aránṣọ tọ́ wọn jáde yunifásítì, n kò sí níbẹ̀. Mo ní ìwé yẹn kò ní parí."

Ayàwòrán ló sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì ń bá mi ká aṣọ."

"Tí mo bá sọ, wọ́n á parí ìwé yẹn," ni Ìyá dáhùn. Kò wo ojú rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà tẹrí ba. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìtìjú ni. Nígbà tó yá, bàbá náà tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní òun ti sọ ọ́ pé ẹni tó ń ba ẹ̀rọ òun jẹ́ yóò kúrò nílé, ọ̀rọ̀ òun kì í sì í bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó òun bá lọ, ta ni yóò máa tan kọ̀ǹpútà?

"Ọmọ ìyá kan náà kúkú ni yín," ó wí fún Ayàwòrán. "Máa lọ dípò rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò jiyàn, Ìyá pàápàá. Ó kàn na ọwọ́ láti bá àbúrò rẹ̀ di etí àpò kan mú. Ayàwòrán kò fún un. Ọmọ wọn, tó fi ẹ̀rí hàn pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.