Níbo Ni Òǹkọ̀wé Yẹn Ti Sọ Bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n màá tún un sọ. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í na fóònù sí mi lójú kó ní, "Màmá, ó kúkú wà lórí ayélujára." Ó wà níbẹ̀, mo ti gbọ́. Ta ló gbé e síbẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ káàdì àti kàlẹ́ńdà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wọn. Atẹ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ wọn obìnrin, tí à ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní fásítì. Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí páálí bébà, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ta ló nà ọ́?"

"Àǹtí, olùkọ́ mi ni o." Ó na ìdìpọ̀ ìwé sí mi.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ lórí òǹkọ̀wé eré onítàgé kan tó lókìkí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Odidi ojú ewé mẹ́rin ló fi tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní bàbá yẹn sọ. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwa, ohun tó wí ni pé, "Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí, àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀."

Olùkọ́ ti fi bíró pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: "Eré wo? Ojú ewé wo? Mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá tún ọdún yìí kà."

"Àǹtí, ogójì ìkànnì ni mo ti rí i! Ogójì! Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ sórí àwòrán òdòdó."

"Èwo nínú ogójì náà ló sọ orúkọ eré tó ti jáde?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú fóònù rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"O ò rí i, àbí? Ogójì èèyàn ń da ọ̀rọ̀ kan náà kọ lára ara wọn, ìwọ wá ń pè é ní ẹ̀rí!"

Àbúrò mi dá sí i láti ibi tó ti ń ka káàdì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn."

"Màá pariwo!"

Mo ní kó ṣí ìkànnì ilé ìkàwé fásítì rẹ̀, èyí tí kò fọwọ́ kàn rí láti ọdún kìíní. Gbogbo eré tí bàbá yẹn kọ ló wà níbẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà ayé rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ya àwòrán ojú ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ náà wà níbẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé ńlá mìíràn tún wà tó ṣí tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo èyí ló fi sílẹ̀ tó lọ ń ka ohun tí wọ́n kọ sórí òdòdó.

"Tẹ 'kọ́kọ́rọ́' lédè Gẹ̀ẹ́sì síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ jáde nígbà mẹ́sàn-án: kọ́kọ́rọ́ àpótí, kọ́kọ́rọ́ ọgbà, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá arúgbó kan. Kò sí èyí tó kan ìyàwó. A wo inú lẹ́tà, òfo. A wo inú ìwé ìròyìn, òfo.

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. "Kò sọ ọ́. Ta ló wá sọ ọ́?"

"Ohun tó yẹ kó o ti bi ara rẹ nìyẹn kó o tó kọ ojú ewé mẹ́rin! Ó yá, wá èyí tó pẹ́ jù nínú ogójì náà."

Ó ń wo déètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń padà sẹ́yìn, títí ó fi dé ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Fọ́tò kan ló bá níbẹ̀. Ẹnì kan ló ya káàdì tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ó fẹ àwòrán náà lójú. Nọ́ńbà fóònù kan wà nísàlẹ̀ káàdì, ó rí wínníwínní.

Ó wo nọ́ńbà náà. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Bàbá!"

Ẹ̀rọ dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Atẹ̀wé wọlé, ó ń nu ọwọ́. Bó ṣe rí fọ́tò náà, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. "Háà! Káàdì mi àtijọ́ rèé. Ó tà gan-an nígbà yẹn."

"Bàbá, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ìyá rẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù pamọ́ sínú agolo bọ́tìnì, ó gba ọjà lọ. Ìta ni mo dúró sí di ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó."

"Kí ló dé tí ẹ wá kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí i?"

"Ta ni yóò ra ọ̀rọ̀ atẹ̀wé?"

Mo fọwọ́ bojú. Ọmọ yìí fi ojú ewé mẹ́rin ṣàlàyé ìjà bàbá àti ìyá rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé láyé Ọbabìnrin Fikitóríà nìyẹn.

Àbúrò mi ti dìde. "Ọdún mọ́kànlá! Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé wa káàkiri ayé fún ọdún mọ́kànlá!"

Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ sídìí ẹjọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, ó sì jókòó ti àwọn eré náà gan-an. Ẹ gbọ́ o, kò tíì ka ọ̀kan tán nínú wọn rí! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á, ó kọ tuntun, ó fi orúkọ eré àti ojú ewé sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó mú jáde. Olùkọ́ gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Atẹ̀wé náà tún káàdì yẹn tẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i bó ṣe yẹ. Ó kó ogún síwájú ṣọ́ọ̀bù. Títí di àárọ̀ yìí, ogún náà ṣì pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ ẹni ńlá lórí ayélujára, ẹ bèèrè ìwé tó ti jáde àti ojú ewé rẹ̀. Bí ìkànnì náà kò bá lè sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lọ wo iṣẹ́ òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì ilé ìkàwé, ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ka iye ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yé yín, ẹ wá bá àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Èmi á kọ́kọ́ pariwo mọ́ yín, ìyẹn ò ní ṣàì wáyé, ṣùgbọ́n ẹ ò ní tún ọdún kà.