Igbe Inú Alùpùpù Ìbíwùmí

Láyé ìgbà tí epo rọ̀bì ti gbẹ tán nínú ilẹ̀, tí àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ mọ òórùn pẹtiróòlù mọ́, ẹran òjìjí ni ó ń gbé àwọn ará Òkè-Arómi rìn. Òjìjí ni ẹja tí í gbọ̀n ènìyàn lọ́wọ́ jìgìjìgì nínú odò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáníyì ló ronú kan agbára rẹ̀. Ó gbin ẹran ẹja náà sínú awo, láìní orí, láìní ìrù, ó dé e mọ́ inú àpótí irin, ó sì gbé àpótí náà sábẹ́ ìjókòó alùpùpù. Omi iyọ̀ díẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í rú èéfín, kì í pariwo. Alùpùpù òjìjí dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi ń kú sábẹ́ táyà rẹ̀ láìfura.

Ìdí nìyí tí ara Ìbíwùmí fi bù máṣọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí tirẹ̀ ké.

Agbẹ̀bí ni Ìbíwùmí, òun nìkan ni àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè sì ní. Ó ń gun òkè lọ nígbà tí ó gbọ́ ọ: "Híììn." Igbe tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá di ọmọ ajá lẹ́nu. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnìkan. Ó tún gbéra, igbe tún ta.

Àpótí ẹrù ni ó kọ́kọ́ fura sí. Ó tú u kalẹ̀. Igbe kò dá. Ó fi sípánà fún gbogbo nọ́ọ̀tì le, ó fi aṣọ wé ibi ìtẹ́sẹ̀; pàbó ló já sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láìfún un níná, alùpùpù náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bó ṣe fún un níná báyìí, igbe. Ọkàn rẹ̀ kúrò lórí nọ́ọ̀tì, ó bọ́ sórí ènìyàn. Àbí ẹnìkan ló ti fi nǹkan sí i lára, tí ó fi ń ṣọ́ ọ kiri?

Ó gbé e lọ sí Ilé Ìmọ̀ Òjìjí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáníyì fúnra rẹ̀ ló jáde sí i. Ó gun alùpùpù náà yí àgbàlá po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"N kò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ. Lọ sinmi."

"Orí òkè ló ti ń ké, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀ yín níbí tẹ́jú."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ta lo ti sọ fún?"

"N kò tí ì sọ fún ẹnìkan."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Fi èyí sílẹ̀ fún mi, kí o máa gbé tuntun lọ nísinsìnyí."

Ìbíwùmí wò ó lójú. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi èyí tó ti gbó ṣe? Ó dúpẹ́, ó ní òun ń bọ̀, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ jáde. Nígbà tí yóò fi bojú wẹ̀yìn, ọkọ̀ funfun kan ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́.

Ilé Bàbá Ògúndípẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló yà sí. Olórí ọlọ́kadà ni bàbá náà láyé epo, kò sì fi ìgbà kan gun ẹran ẹja rí.

"Mo ti sọ ọ́ fún yín," ni ó wí. "Ohun tí kò bá pariwo, ó ń pète."

Ìbíwùmí mú ìwo tí ó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú aboyún, ó gbé e lé àpótí irin náà, ó fi etí sí i. Bàbá fún alùpùpù náà níná díẹ̀. Igbe náà dún ketekete. Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù mìíràn ń kọjá lọ lójú títì. Igbe inú àpótí yí ohùn padà lójijì, òmíràn sì fèsì láti ìta.

"Bàbá," ni Ìbíwùmí wí, "wọ́n ń pe ara wọn."

Wọ́n ṣí àpótí. Ẹran tó yẹ kó funfun, kó sì máa dán bí fùfú, ti hu ojú méjì, kékeré bí ojú ẹ̀gà. Lábẹ́ ojú náà, ẹnu kan ń ṣí, ó ń pàdé.

"Ẹ pa á dé, ẹ jọ̀ọ́."

Fáníyì ló dúró lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ funfun wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Bàbá Ògúndípẹ̀ nàka sí i, "o ní kò lórí. O ní kò mọ nǹkan kan!"

"Àwọn ti àkọ́kọ́ kò mọ nǹkan kan lóòótọ́, Bàbá, wọ́n sì ń jẹrà kíákíá. Ẹran tí kò mọ ìrora kò lè mọ ibi tó ti fara pa, kò sì lè wo ara rẹ̀ sàn. Mo fún wọn ní ìrora kí wọ́n lè pẹ́. Orí yìí, èmi kọ́ ló fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló hù ú."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo èyí tó ti pẹ́ lójú títì."

"Kó wọn kúrò nílùú! Lónìí olónìí!" ni Bàbá ké.

Fáníyì kọjú sí Ìbíwùmí. "Ìwọ ni kí o sọ. Láti ìgbà tí o ti ń gun èyí, obìnrin wo ló ti bá ìrọbí lọ lẹ́yìn òkè?"

Ìbíwùmí ronú, ronú. Kò rí orúkọ kan dá. Fáníyì pa àpótí náà dé, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pè é láti Abà Ìgbín: Fadérera, ìyàwó Akínlàjà, ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ìbíwùmí sáré dé ìdí alùpùpù. Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ kọ̀ ọ́. Ojú kékeré méjì yẹn ni ó ń rí. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ.

"O káre, ọmọ mi," ni Bàbá Ògúndípẹ̀ ń wí tẹ̀ lé e.

Ó sáré, ó rìn, ó tún sáré. Nígbà tí ó dé Abà Ìgbín, àwọn obìnrin ti ká ọwọ́ lérí ní àgbàlá. Ọmọ wà láàyè lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Fadérera ti tutù.

Akínlàjà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn gbójú sókè wo ẹsẹ̀ agbẹ̀bí tó kún fún eruku.

"Ìyá wa, ṣé alùpùpù yín bàjẹ́ ni?"

Irọ́ tó lè pa wà lẹ́nu Ìbíwùmí. Kò pa á.

"Rárá," ni ó wí. "Kò bàjẹ́."

Nígbà tí ìpè mìíràn dé láti ẹ̀yìn òkè, Ìbíwùmí já òwú, ó fi dí etí rẹ̀ méjèèjì. Ó gun alùpùpù náà. Bàbá Ògúndípẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó fún un níná. Etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Itan rẹ̀ ló ń gbọ́ igbe náà, títí ó fi dé orí òkè.