Kásẹ́ẹ̀tì Kejìlá

"Orí Kọkànlá," ni ohùn obìnrin kan wí nínú ẹ̀rọ. "Ẹ̀dá inú ìgò gbórí sókè. Kò lójú. Èémí èèyàn ló fi ń wá wọn kiri."

Olófìn-íntótó tẹ ẹ̀rọ náà pa. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin ín.

"Ṣebí Kejìlá ni wọ́n kọ sára páálí yìí?" ló bi ọkùnrin tó dúró tì í.

"Ẹ̀yin náà rí i. Kejìlá ni wọ́n kọ, Orí Kọkànlá ló ń kà. Èyí tí wọ́n kọ Kọkànlá sí lára ló sọ nù. Ìyẹn gan-an ni Kejìlá, òun sì ni mò ń wá."

Wẹ́dà ni ọkùnrin náà, iná ti jó apá ẹ̀ méjèèjì tótòtó. Òun ló lọ bẹ Olófìn-íntótó lọ́wẹ̀, obìnrin tó fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, tí eékún ń yọ lẹ́nu, àmọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé ìkàwé ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n fi ń kàwé níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ti ṣú ló ń wá yá kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì rò pé ìwé àdúrà ni wọ́n ń béèrè o. Ìwé ìbọn ni, ìwé àwọn onísáyẹ́ǹsì tó lọ hú ohun tí Ọlọ́run ò dá jáde. Arúgbó lásán-làsàn! Èyí tí wọ́n ń jà dù lọ́tẹ̀ yìí ni *Abàmì Inú Ìgò*, orí méjìlá, kásẹ́ẹ̀tì méjìlá.

Akàwé, ìyàwó wẹ́dà, ló ń kà á fún wọn. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn nínú ìwé, á lu tábìlì gbàgbàgbà. Bí wọ́n bá kígbe, á ké tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn á sá. Kì í sì í yọjú wo iwájú ìwé láéláé. Iwájú ẹ̀rọ ló ti ń bá gbogbo ẹ̀ pàdé, ó ní òun fẹ́ káwọn bàbá gbọ́ ẹ̀rù gidi lẹ́nu òun.

Yàrá tó ti ń kà á ò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Fóòmù wà lára ògiri, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì nípọn. Ìyá Onílẹ̀kùn, tí kò ríran láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ló ń jókòó síta. Òun ló ń ti ìdábùú láti ìta kẹ́nì kankan má baà já wọlé. Ó sì lófin: báàgì ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀ á máa ró.

Ọjọ́ tí Akàwé ka orí tó gbẹ̀yìn ni ikọ́ fée gbé e lọ. Ọkọ ẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, òkú ló bá. Ó ní ìdábùú wà lára ilẹ̀kùn, òun lòun yọ ọ́. Ìyá Onílẹ̀kùn ní irọ́ ni, òun ò tì í, òun lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ni ìyá Akàwé bá gbaná jẹ. Ta ló wá tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ òun bí kò ṣe ọkọ ẹ̀? Ó mú ọmọ-ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní apààyàn ò ní tọ́ ọ. Àwọn ọlọ́pàá ò rí àpá lára òkú, wọ́n ká ọwọ́ wọn kò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Akàwé kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti ṣàlàyé títí, ìyá ìyàwó mi ò gbà," ni wẹ́dà wí. "Ẹ bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo fẹ́ gba ọmọ mi padà."

Ọmọbìnrin tó gba àyè Akàwé ni Olófìn-íntótó kọ́kọ́ pè. Olóhùn Tuntun ni wọ́n ń pè é.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni mo jí i, torí pé mo fẹ́ àyè ẹ̀?"

"Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Ta ló fi báírò kọ nọ́ńbà sára páálí?"

"Èmi ni. Lọ́jọ́ kejì ikú ẹ̀, mo bá kásẹ́ẹ̀tì méjì tó gbẹ̀yìn lórí tábìlì Ìyá Onílẹ̀kùn, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ wò. Mo kàn méfò."

"O sì ṣì í. Àwọn kókó wínníwínní tó wà níbí ńkọ́?"

"Àmì tí Ìyá Onílẹ̀kùn ń fìka kà ni. Òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Tó bá ti gbọ́ 'ó parí', á lẹ àmì mọ́ páálí ẹ̀. Àwa yòókù ò mọ̀ ọ́n kà."

Bàbá Físíìsì ló tẹ̀ lé e, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sọ́jọ́ tí kì í wá. Wọ́n ní òun ló ń kánjú gbọ́ òpin ìtàn náà jù.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹja pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àdán ni wọ́n fi dá ẹ̀dá yẹn!" Bàbá poṣé. "Ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè ni? Irọ́ funfun báláú. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sílẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ mú Kejìlá?"

"Èmi? Àtọ̀gbẹ ti pa gbogbo ìka mi. Ẹ gbé páálí àti bíríkì fún mi, mi ò ní mọ̀yàtọ̀. Ká tiẹ̀ ní mo rí i, Ìyá Onílẹ̀kùn ti ba adùn ẹ̀ jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní iná ni wọ́n máa fi pa ẹ̀dá yẹn. Ó ní rárá, iyọ̀ ni. Ló bá bú sẹ́kún! Mo ní, kí ló kan ẹkún níbẹ̀?"

Olófìn-íntótó gba ìwé náà lọ́wọ́ Olóhùn Tuntun, ó ṣí i sí ìparí. Iyọ̀ ni wọ́n fi pa á lóòótọ́.

Ó lọ sí yàrá Ìyá Onílẹ̀kùn, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ife fọ́ nínú ilé.

"Ẹ má kanlẹ̀kùn!" ni ìyá náà pariwo. "Ẹ kágò! Ṣé ẹnu ń dùn yín ni?"

Olófìn-íntótó bá a ṣa àfọ́kù ife kó tó jókòó.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ Kejìlá?"

"Rárá. Wọ́n jí i kí n tó gbọ́ ọ."

"Ta ló wá sọ fún yín pé iyọ̀ ló pa ẹ̀dá yẹn?"

"Akàwé ni."

"Akàwé kì í yọjú wo iwájú. Inú yàrá yẹn ló ti mọ òpin ìwé, kò sì jáde láàyè. Ẹ̀yin ò lè ka ìwé náà fúnra yín. Inú kásẹ́ẹ̀tì lẹ ti gbọ́ ọ."

Ìyá náà fọwọ́ wá àga, ó jókòó.

"Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fojú wá Kejìlá lórí pẹpẹ, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni ì bá mú, torí báírò ti ṣì í kọ. Olè yìí ò fojú wá a. Ìka ló fi wá a, ó sì mú èyí tó tọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àmì yẹn kà níbí. Ẹni yẹn kì í sì í lẹ àmì mọ́ páálí tí kò bá tíì gbọ́ ti inú ẹ̀. Màmá, ẹ̀yin ni."

Ìyá Onílẹ̀kùn kọwọ́ bọ àyà bùbá ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló mú jáde, ó fi áńkáṣífù wé e.

"Mi ò tètè lọ pọnmi," ló wí. "Mo jókòó síbẹ̀, èmi náà ni mo ti ìdábùú. Ilẹ̀kùn yẹn nípọn, igbe nìkan ló ń jáde. Ó ń lù ú. Ó ń ké pé, 'Ẹ ṣílẹ̀kùn! Mi ò lè mí!' Mo rò pé ìwé ló ń kà. Mo ní, ọmọ yìí mọ̀wé kà! Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún pàtẹ́wọ́ fún un." Ó fọwọ́ bojú. "Báàgì ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Oògùn tó máa ń fín sí ọ̀fun wà nínú ẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo ní ó ń sinmi. Ìgbà yẹn ni mo lọ pọn omi tí màá fún un mu. Kí n tó dé, ọkọ ẹ̀ ti bá a."

"Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní 'ó parí'. Mo lẹ àmì mọ́ páálí, mo nawọ́ kí n pa á, mo wá gbọ́ ikọ́. Lẹ́yìn 'ó parí' ni gbogbo igbe yẹn wá. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìwé. Mo yọ ọ́ jù sórí tábìlì, mo sá jáde. Ìgbà tí mo máa padà, ọmọbìnrin yẹn ti kó wọn. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ ní òun fẹ́ gbọ́ ọ, mo fìka wá a, mo gbé e pamọ́."

"Ẹ wá ń wò ó níran bí wọ́n ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹ̀rù bà mí! Tí mo bá ní èmi ni mo tilẹ̀kùn, ṣé wọn ò ní bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣí i?"

"Kí ló dé tẹ́ ò dáná sun ún?"

"Ohùn ẹ̀ ni," ni ìyá náà wí. "Ọwọ́ mi ò gbé e."

Wẹ́dà àti Olófìn-íntótó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà tán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú Ìyá Onílẹ̀kùn dání, wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá ìyá Akàwé nílé.

"Ẹ tan ẹ̀rọ náà," ni ìyá Akàwé wí. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Wẹ́dà yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ ò ní gbọ́ ọ."

"Ẹ ò rí i? Ó ní ohun tó ń fi pamọ́!"

"Ẹ máa pè mí lápààyàn nìṣó. Ẹ ò ní gbọ́ bí ọmọ yín ṣe kú."

Olófìn-íntótó fà á láṣọ. "Ẹ̀rí kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní rèé o! Ọmọ yín ńkọ́?"

Wẹ́dà ò jọ̀wọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni Ìyá Onílẹ̀kùn kúnlẹ̀. Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀: ìdábùú, báàgì, àtẹ́wọ́. Kò fi ìkankan pamọ́.

Ìyá Akàwé gbọ́ ọ tán. Kò bú u, kò sì ní kó dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ọmọ náà jáde pẹ̀lú ẹrù ẹ̀.

"Máa bá bàbá ẹ lọ," ló wí. Ọmọ náà sáré dì mọ́ bàbá ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ò lè wojú ọkùnrin náà. "Àna mi, ẹ dárí jì mí. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó pè mí?"

"Ẹ̀yin ló pè, Màmá," ni wẹ́dà wí. "Ẹ̀yin nìkan ló ń pè, títí ó fi dákẹ́."

Ìyá náà di apá ẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Olófìn-íntótó wolẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ìparí kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Nígbà tí agbára igbe tán, Akàwé fi ẹnu ti ẹ̀rọ, ohùn ẹ̀ ò ju èémí lọ mọ́. Ọkọ ẹ̀ ló ń pè.