Òòyà Abẹ́ Páálí

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹran pípa. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ro ẹ̀jẹ̀ màlúù nínú abọ́ kó má baà dì. Síbẹ̀, òòyà irun lásán ni mo fi da iṣẹ́ ọmọ ọmọ mi rú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Dókítà la máa ń pè é nílé, nítorí láti kékeré ló ti máa ń fi etí lé àyà adìyẹ kí n tó pa á. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì sọ pé ẹni tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ bá dára jù lòun máa mú lọ sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, kó fi gbogbo ìsinmi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ yìí ò gbádùn oúnjẹ mọ́. Mo bá a bẹ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ó sì bu ẹ̀jẹ̀ màlúù fún un sínú ìgò tí tíṣà ti fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí.

Ó gbé páálí bàtà dúró lóòró, ó kun inú rẹ̀ ní dúdú, ó sì lu ihò méjì tó kọjú síra sí i lára. Ìgò tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló kì bọ àárín. Tọ́ọ̀ṣì ń tàn wọlé láti ihò kan. Ó fi ohun kékeré kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sí ihò kejì, wáyà rẹ̀ sì lọ sára mítà tó yá lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná.

"Màmá àgbà, ẹ wò ó," ó ní. "Àwọn ẹ̀yà pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, bí àwo tí wọ́n tò léra. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wúwo, wọ́n á rì. Omi á kù lókè, ìmọ́lẹ̀ á ríbi gbà kọjá, nọ́ńbà mítà á gòkè. Tí ara èèyàn ò bá yá, wọ́n sábà máa ń yára rì. Ìyẹn máa ń ta dókítà lólobó."

"Èmi ńkọ́, ṣé èmi náà lè rì?"

"Ìdí yín yẹn á mú yín rì dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara ti tábìlì, ẹ ó mì í."

Mo rọra gbé ìdí tó ń wí kalẹ̀ sórí ẹní.

Wákàtí kan kọjá, mítà ò mira. Ó tún un ṣe, bákan náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tún un ṣe, ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró bí àlejò tó ti jẹun tán tí ò fẹ́ lọ. Ìwé wọn ní ó yẹ kó ti rì. Ọmọ náà gbórí lé tábìlì.

"Wọn ò ní mú mi," ó ní.

Ṣé kí n pa ẹnu mọ́ ni? Mo mọ̀ pé bí ìgò òróró bá fì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ a tètè sùn sísàlẹ̀. Nígbà tó lọ bọ́jú, mo fa òòyà onígi mi yọ lórí, mo tì í bọ abẹ́ páálí, páálí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pé wákàtí kan tí mítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ilé.

Ìgbà tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ ló rí òòyà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá àgbà, òòyà yín rèé."

"Mo ti ń wá a láti àárọ̀."

Ó wo òòyà, ó wo ìwé tó kọ nọ́ńbà sí. Ọwọ́ rẹ̀ di etí ojú ìwé náà mú bí ẹni tó fẹ́ fà á ya. Kò fà á ya. Ó fi òòyà lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ ya irun yín," ó ní, ó sì da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé tó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn ará ilé wá wòran. Èmi náà jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ka ìwé ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀jẹ̀ kí lo lò?"

"Ẹ̀jẹ̀ màlúù, mà."

"Ó dáa. Ṣe é lójú wa."

Ó gbé páálí kalẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú. Wákàtí kan, mítà ò mira.

"Ó dà bíi pé màlúù náà ṣì ń ronú," ọmọkùnrin kan wí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni ìwé yín ń sọ. Ti màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kì í sì í fẹ́ rì. Ká ní o kọ ọ́ pé kò rì ni, ìwọ nìkan lò bá rí ohun tí ò sí nínú ìwé, ìwọ ni mi ò bá sì mú. Níbo lo ti rí àwọn nọ́ńbà yìí?"

Ọmọ náà ò bojú wẹ̀yìn. "Páálí fì, mà. Mo rí i pé ó fì, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Kò dárúkọ mi.

Mo dìde. "Èmi ni mo mú un fì." Mo fa òòyà yọ kí wọ́n lè rí i, ìdajì irun mi sì wó sójú mi. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Màmá," tíṣà dáhùn. "Ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́. Ní ọsibítù, irú nọ́ńbà yìí lè sọ ẹni tó dá ṣáṣá di aláìsàn." Ẹlòmíràn ló mú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ò tilẹ̀ pé ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ojú yín bá rí ni kẹ́ ẹ kọ, kódà bí kò bá ìwé mu. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fi irọ́ ran ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà ló gbé ṣubú.

À ń rìn lọ sílé, ọmọ náà gbé páálí mọ́yà títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó dúró.

"Màmá àgbà," ó ní, "ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ro ẹ̀jẹ̀ màlúù nínú abọ́. Ṣé ẹ ò kíyè sí i rí pé kì í rì?"